Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà: Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó tọpa ikọ́ ife dé inú agboolé Èkó

Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó yóò mọ Ẹnu Ọ̀wá. Kò jìnnà sí Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, ó sì wà lára àwọn ibi tí ètùtù ìfọbajẹ ti máa ń wáyé. Ibi ọ̀wọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ló tún jẹ́ ibi èrò. Ilẹ̀ erékùṣù kò ṣeé fà gùn bí awọ, àwọn tó sì ń wá ibẹ̀ gbé kò dín kù láti ìran dé ìran. Ìdí nìyẹn tí ilé fi ń kan ilé, tí wọ́n ń la yàrá kan sí méjì, tí ojú ọ̀nà sì ń fún títí tó fi di kọ̀rọ̀ tí ẹni méjì kò lè pàdé níbẹ̀ kí èjìká wọn má kanra.

Irú àwọn agboolé bẹ́ẹ̀, láti Ẹnu Ọ̀wá dé Ẹ̀búté Èrò, ni àrùn kan fi ṣe ibùjókòó láyé ìjọba òyìnbó amúnisìn. Àrùn náà kì í pariwo bí ìgbóná. Kì í pa ènìyàn lọ́jọ́ méjì bí onígbáméjì. Díẹ̀ díẹ̀ ló ń jẹ ènìyàn: ikọ́ kò lọ, ara ń gbẹ, òógùn ń bo aláìsàn lóru, nígbà tó bá sì yá, ẹ̀jẹ̀ á máa bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Àwọn kan ń pè é ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, àwọn mìíràn ń pè é ní ikọ́ ife. Bí wọ́n bá ń ka àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ gbógun tì í ní Èkó, orúkọ Dókítà Ògúntọ́lá Ọdúnbákú Sàpárà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn.

Ọmọ ẹni tó bọ́ lóko ẹrú

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 1861 ni wọ́n bí i sí ìlú Freetown, ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone. Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹjọ, ọdún kan náà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà láti Iléṣà ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì padà gba òmìnira. Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Sàró ìgbà náà, orúkọ òyìnbó ni wọ́n sọ ọmọ náà, Alexander Johnson Williams sì ni wọ́n ń pè é.

Ọdún 1876 ni ẹbí náà kó wá sí Èkó, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ Ẹnu Ọ̀wá má ṣàjèjì létí ọmọ Ìjẹ̀ṣà, nítorí Ọwá ni orúkọ oyè ọba Iléṣà. Àmọ́ ìlú tuntun ni Èkó jẹ́ fún un. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn oníṣòwò òyìnbó wà ní etí ọ̀sà, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nínú agboolé àwọn bàbá ńlá wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Christopher Alexander Sapara Williams, ló kọ́kọ́ di agbẹjọ́rò nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ọdún 1879 ló gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, nígbà tó sì di 1888, ó ti ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n di Williams mú, ó kàn fi Sàpárà kún un ni. Àbúrò ní tirẹ̀ kó gbogbo orúkọ òyìnbó náà dànù, ó sì di Ògúntọ́lá Ọdúnbákú Sàpárà. Láyé ìgbà náà, tí orúkọ òyìnbó jẹ́ ìwé àṣẹ ìwọlé sí ibi iṣẹ́ ìjọba, kì í ṣe ohun kékeré ni ó ṣe yẹn.

Apòògùn tó di dókítà

Kò bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ olówó tí wọ́n rán lọ sí ìlú òyìnbó tààrà. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ìtẹ̀wé, kò sì pẹ́ níbẹ̀ tó fi lọ di apòògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó. Ó tún ṣe iṣẹ́ náà ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Apòògùn ni yóò po oògùn tí dókítà bá kọ sílẹ̀, òun ni yóò sì gbé e lé aláìsàn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ yóò ti rí ohun tí dókítà tó jókòó sí ọ́fíìsì kì í rí. Yóò mọ aláìsàn tó padà wá, yóò sì mọ èyí tí kò padà wá mọ́.

Nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ apòògùn náà, ìròyìn ńlá kan jáde ní ilẹ̀ Jámánì. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, ọdún 1882, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Koch kéde ní ìlú Berlin pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ikọ́ ife. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti dókítà pàápàá, ló gbà pé àrùn ìdílé ni, pé inú ẹ̀jẹ̀ bàbá ló ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ìwádìí Koch fi hàn pé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni, ó sì wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn. Bí àrùn bá ń pa bàbá àti ọmọ nínú ilé kan, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló dà wọ́n pọ̀. Afẹ́fẹ́ yàrá kan náà tí wọ́n jọ ń mí ni.

Sàpárà lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ilé ìwòsàn St Thomas's, nígbà tó sì di ọdún 1895, ó ti gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní Edinburgh àti Glasgow ní ilẹ̀ Scotland. Ní ìparí ọdún náà gan-an ni Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán tó ń la ara kọjá, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí X-ray. Láti ìgbà náà ló ti ṣeé ṣe láti rí ihò tí ikọ́ ife ń gbẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró láìla àyà ènìyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1896, Sàpárà padà dé Èkó gẹ́gẹ́ bí igbákejì oníṣègùn ìjọba.

Àwọ̀ ara di ìwé ẹ̀rí

Kò pẹ́ tó dé tí ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da àwọn dókítà ìjọba ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí ẹgbẹ́ kan, West African Medical Staff, wọ́n sì fi í lélẹ̀ pé ọmọ òyìnbó nìkan ló lè wọ inú rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú sí ìwé ọ̀tọ̀. Owó oṣù wọn kéré, dókítà dúdú tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sì lè di ẹni tí yóò máa wà lábẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ Sàpárà kan ti kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n ń tọ́jú àwọn tó lówó lọ́wọ́. Sàpárà kò lọ. Ọdún 1928 ló tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Àwọn tí kò lówó tí wọn yóò fi san owó dókítà aládàáni ni aláìsàn rẹ̀, ìyẹn àwọn aláàárù, àwọn apẹja, àwọn ìyá alájàpá àti àwọn ọmọ wọn. Bí ìjọba kò bá kà á sí ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó, èyí kò dí i lọ́wọ́ láti wọ ibi tí ẹsẹ̀ àwọn òyìnbó kò lè dé.

Bó ṣe wọ inú awo

Ìgbóná ló kọ́kọ́ fi èyí hàn. Àrùn náà ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó àti ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí Sàpárà ti ṣiṣẹ́. Àwọn olóòṣà Ṣànpọ̀nná ni ará ìlú ń ké sí bí ìgbóná bá wọ ilé, àwọn náà ló sì ń kó ẹrù ẹni tí àrùn náà bá pa. Dípò kí Sàpárà jókòó sí ọ́fíìsì kó máa bú wọn, ńṣe ló wọ inú ẹgbẹ́ wọn, láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wá wò. Ohun tó mú jáde níbẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wọn ń fi ohun tí wọ́n há lára aláìsàn ran ẹlòmíràn, kí àrùn má baà tán, kí èrè má baà tán. Ìròyìn rẹ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba ṣòfin ní ọdún 1907 láti fòpin sí ìsìn náà.

Òfin náà kò pa ìgbóná run lọ́jọ́ kan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló padà ṣẹ́gun rẹ̀, ọdún 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán pátápátá láyé. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀tá ìṣègùn ìbílẹ̀ ni Sàpárà. Ó jókòó ti àwọn adáhunṣe, ó kọ́ nípa ewé àti egbò, ó sì gbà pé ọgbọ́n wà nínú ohun tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń fi àrùn ṣòwò ló ń bá jà.

Àrùn tí òfin kò lè mú

Ikọ́ ife yàtọ̀. Kò ní àwòrò tí wọ́n lè mú, kò sì ní ojúbọ tí wọ́n lè tì. Sàpárà wo iye àwọn tí àrùn àyà ń pa ní Èkó, ó sì wo ibi tí wọ́n ń gbé. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó ń wá.

Iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, ọdún tí Sàpárà dé gan-an, rélùwéè sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ọ̀nà tuntun yìí kó ọjà wá, ó sì kó èrò wá. Ètò ìkànìyàn 1901 ka nǹkan bí 42,000 ènìyàn ní Èkó. Nígbà tó fi di 1921, wọ́n ti sún mọ́ 100,000. Erékùṣù kò fẹ̀ sí i. Àwọn agboolé tí wọ́n kọ́ fún bàbá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí àgbàlá wà láàárín wọn fún oòrùn àti atẹ́gùn, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ayálégbé. Wọ́n kọ́ yàrá sínú àgbàlá. Wọ́n dí ojú fèrèsé kí olè má baà wọlé, kí òtútù òru má baà wọlé. Ènìyàn mẹ́fà tàbí méje ń sùn sínú yàrá kan, ọ̀kan nínú wọn sì ń wúkọ́.

Ohun tí kòkòrò ikọ́ ife ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí aláìsàn bá wúkọ́, ìkán omi kéékèèké tó gbé kòkòrò náà á fò jáde, wọ́n á sì máa léfòó nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Níbi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, yóò tú wọn ká. Níbi tí oòrùn bá ti ń wọlé, yóò pa wọ́n. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn tí kò ní fèrèsé, ẹni tó bá sùn ti aláìsàn ni yóò fà wọ́n símú. Ìdí nìyí tí Sàpárà fi gbógun ti ikọ́ ife nípa gbígbógun ti ilé tó há. Ó ń sọ ọ́, ó sì ń polongo rẹ̀ pé kí wọ́n tún àwọn àdúgbò tí èrò ti kún àkúnya ṣe, kí àwọn ènìyàn lè rí atẹ́gùn mí.

Ìjọba kò sáré. Ilé títúnṣe ń náni lówó ju òfin lọ, ikọ́ ife sì jẹ́ àrùn àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àrùn tí eku ń kó ranni ló mú wọn ta jìjì nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, èyí tí Dókítà Ìsáàkì Ọládiípọ̀ Olúwọlé, ọ̀kan lára àwọn dókítà dúdú tó tẹ̀ lé ìran Sàpárà, kópa nínú bí wọ́n ṣe kojú rẹ̀. Ní 1928, ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí LEDB, láti wó àwọn àdúgbò tó há kí wọ́n sì tún wọn kọ́. Ọdún náà ni Sàpárà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí LEDB wá gbé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ dé àárín Èkó ní 1955, ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé ibẹ̀ ní fèrèsé, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì fẹ̀. Àmọ́ ìyá arúgbó jìnnà sí ọmọ rẹ̀, oníṣòwò jìnnà sí oníbàárà rẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ sì wọ àwọn mìíràn lọ́rùn. Àyà rí atẹ́gùn mí, agboolé fọ́. Ìbéèrè tí Sàpárà gbé kalẹ̀, ìyẹn bí ènìyàn yóò ṣe wà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ kó má sì pa wọ́n pẹ̀lú èémí, kò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn títí dòní.

Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni Sàpárà kò ní lọ́wọ́. Kò sí oògùn kankan tó lè pa kòkòrò náà. Oúnjẹ tó dára, ìsinmi àti atẹ́gùn ni dókítà lè kọ fún aláìsàn. Àmọ́ láyé rẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, Robin Fåhraeus ní 1918 àti Alf Westergren ní 1921 fi hàn pé ọ̀nà kan wà tí wọ́n lè fi mọ bí àrùn ṣe ń jà tó nínú ara, àwọn oníkọ̀ọ́ ife sì ni Westergren fi ṣe ìwádìí. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ínrín, wọ́n á gbé e dúró ṣánṣán, wọ́n á sì wo bí àwọn hóró pupa inú rẹ̀ ṣe rọ̀ sílẹ̀ tó láàárín wákàtí kan. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, wọn kì í yára. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àrùn ń bá fínra, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra bí kọ́bọ̀ tí wọ́n tò léra, wọ́n á sì tètè rì.

Ní 1930, wọ́n tún rí èròjà mìíràn tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ìjà bá le nínú ara, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní CRP. Lóde òní, àwọn onímọ̀ mọ̀ pé kòkòrò ikọ́ ife nìkan kọ́ ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ń tú èròjà jáde láti bá kòkòrò jà, èròjà kan náà yìí sì lè yọ́ fọ́nrán tó mú ẹ̀dọ̀fóró dúró. Ó dà bí ẹni tó fi iná lé eku tó sì jó ilé. Ibẹ̀ ni ihò inú ẹ̀dọ̀fóró ti ń wá, bí ihò náà bá sì jinná, àpá ń kù. Ipasẹ̀ èròjà wọ̀nyí tí wọ́n ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn olùwádìí fi ń gbìyànjú láti mọ ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò bàjẹ́ púpọ̀, kí wọ́n lè tètè gbà á sílẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan kò tó láti fi mọ̀ bóyá ikọ́ ife ló ń ṣe ènìyàn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò fún ìyẹn. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ ni bí ìjà náà ṣe le tó.

Ìmọ̀ yìí fi hàn pé òótọ́ wà nínú ohun tí Sàpárà tẹnu mọ́. Ikọ́ ife ti ní oògùn. Streptomycin ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ní 1943, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá lo oògùn náà pé, oṣù mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́, lè bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà. Àmọ́ oògùn kò lè mú ẹ̀dọ̀fóró tó ti jẹ padà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n kéde pé ara rẹ̀ ti dá ni kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ kí ó má mí gúlegúle. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá rí àrùn náà ṣe pàtàkì, ilé tí kò jẹ́ kó ranni sì ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìparí ayé rẹ̀

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí kò fẹ́ kà á mọ́ ẹgbẹ́ dókítà rẹ̀ padà fi oyè ẹ̀yẹ Imperial Service Order dá a lọ́lá ní 1923. Oṣù kẹfà ọdún 1935 ni Dókítà Sàpárà kú, ọdún mẹ́jọ ṣáájú kí oògùn ikọ́ ife àkọ́kọ́ tó jáde. Ó lo gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ láti bá àrùn tí kò ní oògùn jà, síbẹ̀ kò sọ pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe.

Nàìjíríà ṣì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ikọ́ ife pọ̀ sí jù lọ láyé. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń gbà níyànjú pé kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé ṣì ń kan ilé, ọ̀pọ̀ yàrá sì wà tí oòrùn kì í wọ̀. Bí ẹnì kan bá ń wúkọ́ lóru nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, fèrèsé tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ wà lára ìwòsàn tí Dókítà Sàpárà ìbá kọ́kọ́ béèrè fún.